Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Nínú ìwé iṣẹ́ Yorùbá kan tí a ń lò ní kíláàsì, ojú ìwé kan wà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí". Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ọmọ tí kò lárá. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni "yá". Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà ni "gba owó tí a ó dá padà". Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè yẹn gan-an ni kò dára. Kò sí ìdáhùn tó lè tún un ṣe.

Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, nílùú Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń bá wọn kọ ìwé gbèsè. Ẹni tó ń kọ ọ́ kí n tó gbà á kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó kọ ọ́ síbì kan pé: "Ìyá Ẹlẹ́pa, yíyá, 5,000." Ó parí. Nígbà tí oṣù parí, màmá mi ní Ìyá Ẹlẹ́pa ló jẹ àwọn ní gbèsè. Ìyá Ẹlẹ́pa ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́? Ẹ̀yin lẹ wá bá mi lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó ọkọ̀." Wọ́n gbé ìwé jáde. Ìwé kò dá ẹnikẹ́ni láre. "Yíyá" wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yá ẹnì kejì lówó kò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ń bá ẹnì kejì wo ìsọ̀.

Gbólóhùn méjì nìyí, tí ọ̀kan nínú wọn ìbá ti parí ìjà yẹn:

Màmá yá Ìyá Ẹlẹ́pa lówó.

Màmá yá owó lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́pa.

Olùwà kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, owó kan náà. Síbẹ̀, nínú ti àkọ́kọ́, Ìyá Ẹlẹ́pa ni yóò san án. Nínú ti èkejì, màmá mi ni. "Yá" kò sọ ẹni tó jẹ gbèsè rárá. Ó kàn sọ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti pé yóò padà. Ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù jókòó sí ló ń sọ ìyókù. Bí èèyàn bá tẹ̀lé "yá" gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, èèyàn náà ló gba owó, owó á sì wá lẹ́yìn pẹ̀lú "ní": "ní owó" di "lówó". Bí owó bá tẹ̀lé "yá", a ó máa retí "ní ọwọ́", tó di "lọ́wọ́". Ẹni tí a bá dárúkọ lẹ́yìn rẹ̀ ló ni owó. (Ẹ kíyè sí i pé bí a kò bá fi àmì sábẹ́ "ọ", "lowo" ni méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì kò ṣe pàtàkì, ẹ wá ṣe akọ̀wé gbèsè fún ọ̀sẹ̀ kan.)

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé Gẹ̀ẹ́sì yéni ju Yorùbá lọ níbí, torí pé ó ní borrow fún ẹni tó gbà, ó sì ní lend fún ẹni tó fúnni. Mi ò gbà. Àìtó ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn, ètò ni. Ẹ wo "kọ́". Ọ̀gá kọ́ mi níṣẹ́. Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí "yá" ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ ni: bí èèyàn bá tẹ̀lé e, "ní" á gbé iṣẹ́ wá, bí iṣẹ́ bá tẹ̀lé e, "lọ́wọ́" á fi ẹni tí iṣẹ́ ti wá hàn. Owó yíyá àti iṣẹ́ kíkọ́ kò jọra lójú ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ ní ABD. Gírámà ló sọ wọ́n di ìbátan. Níbi tí Yorùbá bá sì ti fẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ó ní méjì. Mo ra èlùbọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ta èlùbọ́ fún mi. Òwò kan ṣoṣo ni, a kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì ìsọ̀ wò ó ni. "Lọ́wọ́" tún wà níbẹ̀, ó ṣì ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti ń bọ̀.

Mi ò bá ìwé atúmọ̀-èdè jà. A Dictionary of the Yoruba Language, tí CMS tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1913, to ọ̀rọ̀ ní ABD nítorí iṣẹ́ tí a rán an nìyẹn, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan yóò sì rí i kíá. Ẹni tó sọ irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́ èdè ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Àwọn onígírámà wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú A Grammar of Yoruba ti 1966, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, nínú Essentials of Yoruba Grammar ti 1978, kò fẹnu kò lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ni àwọn méjèèjì fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́.

"Ná" náà wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn. "Lo owó" ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí. Lọ́jà wa, èèyàn lè ná ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ná kọ́bọ̀. Ìbéèrè tí ǹ bá fi rọ́pò tiwọn nìyí: "Fi 'yá' sínú gbólóhùn méjì, kí Òjó jẹ gbèsè nínú ọ̀kan, kí Àìná jẹ ẹ́ nínú èkejì." Ọmọ tó bá dáhùn ìyẹn gbọ́ Yorùbá.

Ibi tó le sí ni orúkọ ọjà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ló fara ti ara wọn, kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Olùkọ́ yóò ní "ọba" ni ẹ̀yán tó ń yán "ọjà", òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń yán an? Ọjà alẹ́, àsìkò ni. Ọjà Bódìjà, ibi tó wà ni. Ọjà ẹran, ohun tí à ń tà ni. Bí ọjà ẹran bá jẹ́ ibi tí à ń ta ẹran, àlejò lè dé Ọjà Ọba kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọba. Ètò kan náà ni gbogbo wọn, àjọṣe inú wọn ló yàtọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú wọn tó sọ ọ́ fún wa. Ìmọ̀ ìlú la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìtàn tún wá dá kún un. Àwọn òpìtàn Ìbàdàn pe ọjà yìí ní Ọjà Ibà, láti ara oyè Ibà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run tó kú ní 1847. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1936 ni oyè náà tó di Olúbàdàn. Lẹ́nu, ìpajẹ máa ń gbé fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì lọ, a ó sì ní Ọjà'ba. Fáwẹ́lì tí a pa jẹ yẹn gan-an, "ọ" tàbí "i", ló yẹ kó sọ fún wa bóyá ọba ni tàbí Ibà. Lára pátákó tí wọn kò bá sì fi àmì ohùn sí, "Ojaba" ni méjèèjì. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pariwo "Ọjà'ba, ẹ wọlé!" lè máa pe Olúyọ̀lé lójoojúmọ́ láìmọ̀, ó sì lè máa pe ọba. Èèyàn tó ń lọ ra èlùbọ́ kò kúkú béèrè.