Orúkọ Dúró Ládípọ̀ àti Ogún Ìdílé Rẹ̀

Ènìyàn lè sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà Dúró Ládípọ̀, tó bọ Ṣàngó àti Ọya, ni eré Ọba Kò So ti ṣẹ̀. Àlàyé yìí fo baba tó bí i dá. Oníwàásù ìjọ Áńgílíkà ni baba náà. Ó ti kọ òrìṣà àti ìlù ìdílé sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ikú ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ léraléra, Dúródọlá ni ó sọ èyí tó dúró. Orúkọ àbíkú, láti ẹnu oníwàásù! Bí orúkọ náà ṣe ń bẹ ọmọ kí ó má kú, bẹ́ẹ̀ ni àkọlé eré náà ń sẹ́ ikú ọba.

Ilé ìjọsìn kò sì ṣe é yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orin Àjíǹde tí Dúró kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ni ó kọ́kọ́ fi ìlù ìbílẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ìjọ kan bínú sí i. Ní 1962, òun àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀, ìlù tí baba kọ̀ sì rí àyè níbẹ̀.