Ó Ha Yẹ Kí A Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Jules Verne Bí?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń bá wa gbé láti ìgbà tí a ti ń ka ìwé Jules Verne pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì, òun náà sì ni èyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ròyìn ohun tí kò tí ì sí? Bí ẹnì kan bá jẹ́ balógun, tàbí bíṣọ́ọ̀bù, tàbí arìnrìn-àjò, a mọ ìdí tí a fi ń kọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ àti ìgbésí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì, tí ó ń fi kálámù rán ènìyàn lọ yí òṣùpá ká, tí ó sì ń rán àwọn mìíràn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, kí ni a ń wá lọ sídìí tábìlì náà?

Àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń wí pé kí a fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ tó láti sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí a tú òun wò. Wọn a sì mẹ́nu ba ohun tí ó ṣe ní ọdún 1898, nígbà tí ó kó lẹ́tà àti ìwé ìṣirò owó àti àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ jọ, tí ó sì fi iná sun wọ́n. Ẹni tí ó bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, ó ha yẹ kí àlejò gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́ bí? Ọ̀rọ̀ tí ó ní láárí ni, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Síbẹ̀ àwa kò gbà á.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì mọ Verne, a bí i ní Nantes ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1828. Amòfin ni bàbá rẹ̀, ó sì rán an lọ sí Paris láti kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé ni ọkàn ọmọ náà fà sí. Ní ọdún 1863 ni Hetzel, ẹni tí ń tẹ ìwé jáde ní Paris, tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀sẹ̀ 5 nínú bàlúùnù lókè ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń tẹ̀ lé ìwé, títí ó fi kú ní Amiens ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1905. Èyí tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀ lé iná 1898 náà. Ibi tí ẹ̀rí bá ti ṣófo, àlọ́ ni í wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1928, obìnrin kan tí í ṣe ìbátan ìdílé náà, Marguerite Allotte de la Fuÿe, kọ ìtàn ìgbésí ayé Verne. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé nígbà tí Verne jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó yọ́ wọ ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Coralie, kí ó lè lọ wá ìlẹ̀kẹ̀ iyùn fún ọmọbìnrin ìbátan rẹ̀ tí ó fẹ́ràn. Pé bàbá rẹ̀ lé e bá ní Paimbœuf kí ọkọ̀ tó bọ́ sí agbami. Àti pé lẹ́yìn ìbáwí, ọmọ náà ṣèlérí pé inú àlá nìkan ni òun yóò ti máa rin ìrìn àjò láti ọjọ́ náà lọ. Ìtàn náà dùn. Àwa tí a mọ iyì iyùn kò lè ṣe aláìfẹ́ràn rẹ̀. Àwa fúnra wa ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí tí ó lè gbé e dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Inú àlá nìkan kọ́ ni ọkùnrin yìí ti rin ìrìn àjò. Ní ọdún 1867 ó wọ ọkọ̀ ńlá Great Eastern lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú omi 3 ni ó ní, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, Saint-Michel sì ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1878 ó fi ìkẹta lọ sí Lisbon, Tangier àti Algiers.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jùlọ ni pé Verne fúnra rẹ̀ ti kọ ìrántí ìgbà èwe rẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn èwe kan ní Boston, tí ó tẹ̀ ẹ́ ní 1891. Ó sọ níbẹ̀ bí ọkọ̀ kékeré tí òun nìkan wà nínú rẹ̀ ṣe lu lójú odò, tí ó fi ní láti gun erékùṣù kékeré kan, tí ó ń ṣe bí ẹni pé Robinson ni òun, títí omi fi fà tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí èbúté. Lójú tiwa, èyí sàn ju ti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ. Ó sì ní ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan àwa gan-an ni ìwé Robur, tí ó jáde ní ọdún 1886. Robur kan ọkọ̀ kan tí ń fò, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abẹ̀bẹ̀ onírin ń gbé ró lójú òfuurufú. Ó jí àwọn ará Amẹ́ríkà kan gbé, ó sì ń gbé wọn yí ayé ká. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n kọjá lókè Dàhómì. Ọba ti wàjà, èrò pé jọ ní Agbómẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ìgbèkùn rúbọ níbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ yìnbọn láti òkè sí àárín èrò, àwọn ìgbèkùn sì rí àyè sá lọ.

Nígbà tí a ka ibẹ̀ tán, ọmọkùnrin kan dìde, ará Kétu ni ìyá ìyá rẹ̀, ó sì bi wá pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo ni Verne wá sí Dàhómì?”

Verne kò wá. Etí òkun àríwá, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gúnlẹ̀, ni ó mọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Inú ìwé àwọn arìnrìn-àjò ni ó ti rí àwọn ìlú ilẹ̀ wa, bí ó ti rí Timbuktu nínú ìwé Barth kí ó tó kọ ti bàlúùnù. Ọba tí ó wà lórí oyè ní Dàhómì ní 1886 ni Glèlè, ẹni tí ó ti jọba láti 1858, kò sì wàjà títí di 1889. Òkú tí a ń sin nínú ìwé Robur, òkú àròsọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń gbèjà Dàhómì. A fi ènìyàn rúbọ níbẹ̀, àwọn tí ó fi ojú rí i sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa ní Abẹ́òkúta kò sì nílò ìwé Faransé kí wọ́n tó mọ ìró ìbọn Dàhómì, ní 1851 àti ní 1864. Ní ọdún 1886 kan náà tí Robur jáde ni ogun Glèlè fọ́ Kétu, tí ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Bí ìgbèkùn bá wà ní Agbómẹ̀ ní ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú wọn. Verne kò mọ̀ wọ́n. Nínú ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi ìgbèkùn ní orúkọ tàbí ní ìlú rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ Robur lè rí ẹni gbà là. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé yẹn láìmọ ibi tí òǹkọ̀wé jókòó sí nígbà tí ó kọ ọ́, yóò gba ìròyìn gẹ́gẹ́ bí àfojúbà, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 14 tí olùkọ́ rẹ̀ gbé ìwé náà lé lọ́wọ́.

Nantes, ìlú tí a gbé bí i, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí òwò ẹrú ti sọ di ọlọ́rọ̀, ọmọ ogún ọdún sì ni Verne nígbà tí ìjọba Faransé fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní 1848. Nínú ìwé bàlúùnù ti 1863, ó fi àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ṣe ẹ̀fẹ̀, ó fi wọ́n wé ọ̀bọ. A kì í ka ojú ewé náà sókè ní kíláàsì. Ní 1878 ẹ̀wẹ̀, nínú ìwé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 15 tí ó di ọ̀gákọ̀, ó kọ̀wé kíkankíkan lòdì sí àwọn tí ń kó ẹrú ní Àǹgólà. Ọkùnrin kan náà ni. Ìwé bàlúùnù nìkan kò lè sọ èyí fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀gákọ̀ náà kò lè sọ ọ́. Àfi kí ẹnì kan mú ìgbésí ayé rẹ̀, kí ó tò ó láti ọdún dé ọdún.

Àwọn tí ó ní iná 1898 ti parí ọ̀rọ̀ gbàgbé pé lẹ́tà ní olùgbà. Ohun tí Verne kọ sí Hetzel kò jóná. Láti inú wọn ni a ti mọ̀ pé ó fẹ́ kí Nemo, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi, jẹ́ ará Pólàńdì tí ń gbẹ̀san lára àwọn ará Rọ́ṣíà, àti pé Hetzel kò gbà fún un. Nígbà tí Nemo tún fara hàn nínú ìwé erékùṣù tí ó parí ní 1875, ó ti di ọmọ ọba ní Íńdíà, ẹni tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1857. Ẹ̀yin tí ẹ ti bi wá léèrè ìdí tí ìbínú Nemo fi dà bí ẹni pé kò ní orísun nínú ìwé àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Inú lẹ́tà ni ó wà.

Ọ̀ràn ọmọ rẹ̀, Michel, tún wà níbẹ̀. Wọn kò ṣe ọ̀rẹ́ nígbà èwe ọmọ náà; bàbá fi í sí ilé ìbáwí àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó fi í sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Íńdíà. Ọmọ yìí kan náà ni ó tẹ àwọn ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde lẹ́yìn 1905, tí ó sì yí wọn padà gidigidi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó jáde ní 1919, nípa ẹgbẹ́ Barsac ní agbègbè tí odò Ọya ti yípo, Michel ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń ka èrò ọmọ nípa ilẹ̀ wa sí bàbá lọ́rùn. Ẹni tí a kò bá kọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀bi ẹlòmíràn lè di tirẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ni a ti gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí a dákẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1886, Gaston, ọmọ arákùnrin rẹ̀, yìnbọn fún un ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọta náà kò jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì tiro títí ó fi kú. A fi Gaston sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tí ó kù. Kí a kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́. Ìwé Mímọ́ kò bo ọ̀ràn Ùráyà mọ́lẹ̀ nítorí ọlá Dáfídì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi àròbájọ dí ibi tí ìdí rẹ̀ kò hàn, wọ́n sọ aláìsàn náà di ohun àfiṣeré fún òǹkàwé. Gaston kò kọ ìwé kankan fún wa. A kò rí ohun tí ó jẹ wá tí a fi ń tú u wò tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó ń kọ̀wé sọ ti ìbọn, kí ó sọ ti ẹsẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin ará Kétu náà, a sọ òtítọ́ fún un pé Verne kò débẹ̀ rí. Ó ronú díẹ̀, ó sì tún béèrè pé, “Ta ni ó wá sọ fún un, sà?” A kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwa pẹ̀lú rẹ̀ ti ń wá àwọn ìwé tí Verne kà, a sì ti rí ìwé Barth.