Ọ̀pá Ìbú nínú gnuplot: Àyẹ̀wò Kan

Ní 1786, William Playfair tẹ àtẹ kan jáde tí ó fi ọ̀pá ìbú ṣàfihàn ọjà tí Skọ́tíláǹdì kó wọlé àti èyí tí ó kó jáde láàárín òun àti ibi 17. Ìbú tọ́ níbẹ̀, nítorí orúkọ ibi gùn, a sì lè kà á láìwọ́ ọrùn.

Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1986, ni gnuplot jáde, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí. Ọ̀pá tí ó ń pè ní boxes, òòró ni ó ń dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbú a máa yá boxxyerror lò, tí orúkọ rẹ̀ tọ́ka sí àṣìṣe ìwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.

A lè ka èyí sí àbùkù, ṣùgbọ́n èrò tiwa yàtọ̀. Gígùn ni ọ̀pá fi ń sọ̀rọ̀. Bí ìdí rẹ̀ kò bá sí ní òdo, irọ́ ni ó ń pa. Bí a bá fi 80 wé 100, tí a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá láti 60, èkejì yóò hàn bí ìlọ́po méjì èkíní. Níwọ̀n bí òǹkọ̀wé ti ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òdo náà, kò lè sọ pé irinṣẹ́ ni ó ṣi òun lọ́nà.

Àbùkù tí a gbà ni ti ètò: bí a bá to ọ̀pá ní nọ́ńbà ìlà, ìlà àkọ́kọ́ a bọ́ sí ìsàlẹ̀, àfi bí a bá fi reverse yí i padà.

Ní ìparí, kí á wo ìdí ọ̀pá kí á tó yin ẹwà rẹ̀.