Àwo orin àkọ́kọ́ Ibeyi ní etí ẹni tó ń sọ Yorùbá

Oṣù Kejì ọdún 2015 ni XL Recordings, ilé-iṣẹ́ orin tó dá dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àwo orin àkọ́kọ́ Ibeyi jáde. Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz ni wọ́n. Paris ni a bí wọn sí, ọmọ Kúbà sì ni bàbá wọn, Angá Díaz, onílù tó kú ní 2006. Orúkọ wọn nìkan ti tó ẹ̀kọ́ kan: ìbejì wa ni Ibeyi, tí j di y lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ èdè Sípéènì, Kẹ́hìndé wa ni Kaindé, h ti bọ́ lára rẹ̀, ohùn sì ti di ìtẹnumọ́.

Mo ti gbọ́ àwo náà láìmọye ìgbà, síbẹ̀ ọkàn mi kò tíì dúró sójú kan lórí rẹ̀.

Ibi tó dára, ó dára gan-an. Ẹlẹ́gbára ni wọ́n fi ṣí i, bó ṣe yẹ, nítorí òun la kọ́kọ́ ń kí. Nínú “River”, ohùn méjèèjì fara ti ara wọn títí a kò fi mọ ta ló ṣáájú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ odò pé kó wẹ àwọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n yí sí orin Ọ̀ṣun. Bí a bá yọ apá ìkẹyìn yẹn kúrò, ẹ̀bẹ̀ náà kò ní ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Àmọ́ láti ìdajì lọ, àwo náà rọ̀. “Stranger/Lover”, “Faithful”, “Singles”: ìrìn kan náà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọ̀dọ́ èyíkéyìí lè kọ sẹ́yìn ìwé iléèwé rẹ̀. “Yanira”, tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, nìkan ni mo yọ sílẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwo náà. Ohùn àárín méjì ni Ọya ní. Ní Kúbà, sílébù kejì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́, orin sì ń gbé orúkọ náà lọ síbi tó bá wù ú. Bó bá wálẹ̀ jù, etí Kétu á gbọ́ ọ̀yà, ẹran ìgbẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ bí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àwọn orin ìsìn tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjàṣẹ́, ohùn orin Òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ gbólóhùn wọn kì í yé ọmọdé àfi tó bá kà á nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó pè é ní àṣìṣe nílé wa. Lucumí kì í ṣe Yorùbá tó ṣìnà. Èdè ìsìn ni, tí àwọn tí a kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn fi orin pa mọ́ láàárín èdè Sípéènì. Èmi tó jẹ́ pé yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ fi àmì ohùn sórí èdè ìyá mi, lẹ́yìn ọdún 13 nínú èdè Faransé, kò yẹ kí n tètè mú bíìkì pupa.

Ẹ̀sùn mi tó kù kò jẹ mọ́ ohùn. Nínú “River”, òrìṣà ń ṣiṣẹ́. Níbòmíràn, orin á ti parí, wọn á kàn fi orúkọ òrìṣà dí àlàfo tó kù.