Ìmọ̀, Ìgbàgbọ́ àti Ẹ̀rí: Ipò Fìlọ́sọ́fì nínú Ẹ̀kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ifẹ̀tẹ̀dó ni ẹ̀kọ́ òfin fìdí kalẹ̀ sí. Ìkirè ni ti ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà. Ewu tí ó wà nínú ìpínyà yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin rò pé ohun tí wọ́n ń rò ní Ìkirè kò kan òun. Ìtàn Àpòmù, tí ó múlé gbe Ìkirè, tó láti fi hàn pé ó kàn án.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé aáwọ̀ lórí títà ataare ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bẹ́ẹ̀, 1846 ni a bí Johnson. Ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ. Ǹjẹ́ ó mọ̀ ọ́n ni, àbí ó gbà á gbọ́?

Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ gbé irú ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú Knowledge, Belief and Witchcraft (1986). Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn, wọ́n ní ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fara jọ èyí: kì í gba àgbọ́sọ wọlé, àfi níwọ̀nba.

Ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí ni ibi tí ìgbàgbọ́ méjì ti kọlu ara wọn ní kóòtù. Abala 66 òfin náà gba ìtàn àtẹnudẹ́nu wọlé nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí tàbí ti ìlú. Bí ìtàn méjì kò bá bára mu, tí ẹlẹ́rìí méjèèjì sì jẹ́ olóòótọ́, èwo ni kí adájọ́ gbà? Nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, tí ó ti Gold Coast dé Privy Council ní 1957, ìdáhùn ni pé ìṣesí ẹlẹ́rìí kò lè yanjú rẹ̀, nítorí olóòótọ́ lè máa tún àṣìṣe àwọn baba ńlá rẹ̀ sọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni kí a fi wọn ìtàn náà wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há ẹjọ́ yìí sórí lè yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí kò bá lóye pé òtítọ́ inú yàtọ̀ sí ìmọ̀, ẹlẹ́rìí tí ẹnu rẹ̀ dùn ni yóò gbà gbọ́, ilẹ̀ onílẹ̀ yóò sì bá a lọ. Fìlọ́sọ́fì ni ó ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ náà.