Igi Gbá Igi Mú

Káfíńtà ni mí. Ibi yòówù tí mo bá wọ̀, òrùlé ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè dé ibi ìkírun lọ́jọ́ tí mo lọ sí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú Xi'an ní Ṣáínà. Ẹnubodè onígi kan ló dá mi dúró, ó ga tó nǹkan bíi mítà 9.

Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo ń wò. Dougong ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe iṣẹ́ náà. Igi kékeré kan, tó rí bí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkà, ni wọ́n gbé lé orí òpó, wọ́n sì gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ìdábùú àti ní òòró. Apá igi méjì wọ inú ojú ibẹ̀, wọ́n ré kọjá ara wọn. Lórí apá kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n mìíràn. Lórí ìyẹn, apá mìíràn tó gùn ju ti ìṣáájú lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè, tó sì ń yọ síta, títí tó fi gba etí òrùlé dúró. Kò sí ìṣó láàárín wọn. Igi ló gbá igi mú.

Ẹni tó bá ti lu ihò sára igi rí yóò mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ihò bá fẹ̀ díẹ̀, igi á máa mì. Bó bá há, igi á là. Igi a máa wú lójò, a sì máa sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Mo ti tú òrùlé tí ìṣó rẹ̀ dípẹtà, tí igi sì là láti ojú ìṣó. Dougong fi igi sílẹ̀ kó máa mí. Bí ilẹ̀ bá mì, gbogbo oríkèé á jùmọ̀ gbọ̀n. Agbègbè yẹn sì mọ ìmìtìtì ilẹ̀ dáadáa: ti 1556 wà lára èyí tó pa ènìyàn jù lọ nínú ìtàn.

Láti 1392, nígbà ìjọba Ming, ni ìpìlẹ̀ àwọn ilé tó wà ní mọ́ṣáláṣí náà báyìí ti wà. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ kò wá ọ̀mọ̀lé lọ sí ọ̀nà jíjìn; àwọn tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ ìlú ni wọ́n gbé e fún. Bí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bàràsílì padà wálé, ṣe fi ọwọ́ ìkọ́lé ibẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, nìyẹn. Ní Xi'an, ilé onígun mẹ́jọ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta ló dúró fún ilé gogoro ìpèrun. Àwa ń kọjú sí gábàsì kírun. Àwọn, ìwọ̀ oòrùn ni Mẹ́kà wà sí wọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo àgbàlá náà fi tò láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn.

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Wọ́n gbẹ́ Kùránì sára pákó ògiri. Mo sún mọ́ lẹ́tà Núùnù kan. Níbi tí ikùn rẹ̀ ti yí kọjú ìjà sí ìlà igi, níbi tí igi ti máa ń ya mọ́ èmi lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ló dán jù.

Ládàánì pe ìrun Alásárì. Mo bọ́ sí sàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbé ọwọ́ sókè. Ó tutù.