Ọwọ́ Akọ̀wé Jẹjẹrẹ

Dókítà là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń rántí ẹni tó ń kọ jẹjẹrẹ sílẹ̀? Ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1960. Akọ̀wé á tú fáìlì wò, á fi nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀ sọ ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀: C50 ni ọmú, C61 ni prostate. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo wí o. Jẹjẹrẹ ọmú tó ràn dé ẹ̀dọ̀, C50 náà ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí ẹ̀dọ̀ ti ba ìṣirò jẹ́. Aláìsàn kan náà sì lè jẹ́ Ṣadé ní ilé ìwòsàn kan, kó jẹ́ Fọláṣadé ní òmíràn. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tẹ̀ jáde ní 1991, Cancer Registration: Principles and Methods, ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ni àwọn akọ̀wé jẹjẹrẹ ń ṣe kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wọn, ODS, tó ń jẹ́ CTR tẹ́lẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sùúrù tí fáìlì tí omi ti bà jẹ́ ń béèrè, mi ò rò pé ìbéèrè ìdánwò kankan lè wọ̀n ọ́n.